Agboolé Ọ̀rẹ́ Mi

Iṣẹ́ àtúnṣe fìríìjì ni mo fi ń jẹun ní Port Harcourt. Kọ̀ǹpútà, eré ni mo ń fi ṣe. Lọ́dún 1999 ni mo ra àlòkù kan tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, mo gbé e sí yàrá mi ní Rumuomasi. Mo ra ìwé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Alakahia, mo fi kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún un. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìlú mi tó ń ta irinṣẹ́ ní ọjà Creek Road, ló kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Onífìríìjì, ṣé èyí náà ń mú omi tutù?"

"Rárá."

"Ṣé ó lè dín dòdò?"

"Kò lè dín in."

"Tà á o, kí o fi ra ewúrẹ́. Ewúrẹ́ á bímọ fún ọ."

Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Port Harcourt ní ẹgbẹ́. Bí Mùsùlùmí kan nínú wa bá kú, ọjọ́ náà gan-an là ń sin ín, àmọ́ a gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí agboolé rẹ̀ nílé, kí àwọn ẹbí lè wá bá wa síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ìlú wa tóbi. Bí o kò bá mọ orúkọ agboolé, ibo lo fẹ́ yà sí? Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ púrógíráàmù kan tó ń tọ́jú orúkọ kálukú, iṣẹ́ rẹ̀ àti agboolé rẹ̀. Mo ṣe é le: bí àyè agboolé bá ṣófo, kò ní jẹ́ kí o kọjá.

Ó sìn wá fún ọdún púpọ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ kan tó ní iléeṣẹ́ wá sí ìpàdé wa pẹ̀lú bàtà dídán, wọ́n ní ká kó gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Fọ́ọ̀mù wọn béèrè fọ́tò àti ọjọ́ ìbí. Kò béèrè agboolé. Mo sọ ọ́.

Alága wa ní, "Bàbá, ayé ti lọ síwájú o."

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a ṣí fóònù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Inú ò bí mi. Bí mo ṣe ń rí irú àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti dé: wọ́n á kó èèyàn jọ lọ́fẹ̀ẹ́, bí èrè ò bá wọlé, wọ́n á palẹ̀ mọ́. Èmi tí mo ń ṣeré kò ní ìdí láti palẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kú. A sin ín kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi. Port Harcourt ni wọ́n bí i sí.

"Daddy, ẹ káàárọ̀ sà. Dem dey ask me agboolé. I no know am. Papa no carry us go house one day."

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi."

Mo ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Ó kùn, ó kùn, ó ṣí. Mo tẹ orúkọ bàbá rẹ̀. Ó jáde, tòun ti ọjà tó ń tà. Ní àyè agboolé, ohun tí èmi fúnra mi tẹ̀ síbẹ̀ ni: "Mo mọ̀ ọ́n."

Mo rántí ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi jókòó tì mí, ó ń jẹ ẹ̀pà, èèpo ń já bọ́ sáàárín àwọn bọ́tìnnì. Ó pe agboolé náà sí mi létí. Mo fẹ́ fi àyè náà sílẹ̀ lófo, ẹ̀rọ kò jẹ́ kí n kọjá, mo tẹ nǹkan tó wá sí mi lọ́wọ́. Ta ló fẹ́ gbàgbé agboolé ọ̀rẹ́ rẹ̀? Mo wá a nínú orí mi báyìí. Ẹ̀pà nìkan ni mo rí.

"Daddy, you don see am? Wetin dem write?"

Mo sọ ohun tí mo kọ fún un. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo èmi.

"So you know am nau."

"Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn."

A fóònù sílé. Wọ́n ní àwọn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn pọ̀, ọmọ agboolé wo ni? Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, a ṣàdúà. Àwọn àga tí a tò fún àwọn ará ilé, àwa náà la pín ara wa jókòó sí i, kó má baà ṣófo.