Àtàǹpàkò Lórí Ìyẹ́

Ọdún mọ́kànlélógún ni Àǹtí Dídán ti ń mú ìyẹ́ dán nílé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Kì í ṣe ìyẹ́ ẹyẹ o. Ìyẹ́ irin kékeré ni, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ líle lù láti dán an wò kí wọ́n tó ṣe ti ọkọ̀ òfurufú gan-an. Ayùn ti bù ú jẹ rí ní àtàǹpàkò ọ̀tún, àpá rẹ̀ là á ní ìbú.

Iṣẹ́ náà kò gba jákujàku. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré lórí ìyẹ́ tí eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá eré ìró dọ́gba, ó níbi tí yóò ti sáré ju ìró lọ, tí eré rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀ lójijì bí ẹni tó kọlu ògiri. Ògiri yẹn ni wọ́n ń wò, ìlà dúdú kan lójú gíláàsì ẹ̀rọ náà. Tó bá dúró sójú kan, ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Tó bá ń lọ síwájú sẹ́yìn, ìyẹ́ á máa gbọ̀n. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ lásán kan ìyẹ́, torí òróró ọwọ́ tíńtín tó láti lé ògiri kúrò láyè rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú àbúrò rẹ̀ wọṣẹ́. Ọdún mẹ́ta kò ì pé, àbúrò ti di ààyò. Ọ̀gá wọn fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì ń wá ẹni tí yóò fa kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ náà lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìyẹ́ tí àbúrò mú dán sókè, ó ní, “Ìka tó tọ́ símú la fi ń romú!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ owú ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ikán. Ṣé kì í ṣe òun ló kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń di pépà yanrìn mú ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, òun ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣí àpótí àbúrò rẹ̀, ó gbé ìyẹ́ náà sójú fèrèsé, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wá àbùkù. Kò rí ọ̀kan. Inú bí i, ó pa àpótí dé.

Nígbà tí wọ́n ń de ìyẹ́ mọ́ ẹ̀rọ, ó rí àbàwọ́n kan létí rẹ̀. Ojú rí, ẹnu dákẹ́. “Ààyò ọ̀gá náà rèé,” ló ń wí lọ́kàn.

Wọ́n tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ìlà dúdú náà kò dúró, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ọ̀gá pa ẹ̀rọ, ó ní kí àbúrò mú dígí tó ń sọ kékeré di ńlá wá. Àbúrò fi tẹjú mọ́ àbàwọ́n náà. Àǹtí yọjú léjìká rẹ̀, ó rí ipa àtàǹpàkò kan tí àpá là ní ìbú.

Àbúrò wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fa àkísà yọ lápò, ó nu ìyẹ́ náà mọ́.

“Ẹ má bínú, sà. Èmi ni. Mo gbàgbé ìbọ̀wọ́.”

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá pe Àǹtí Dídán síwájú gbogbo wọn, ó ní òun ni yóò gba kọ́kọ́rọ́.

“Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi,” àbúrò ló kọ́kọ́ kí i. Ó dùn ún pé ọmọ náà tún fi ìwà jù ú lọ. Ọ̀gá na kọ́kọ́rọ́ sí i, Àǹtí sì nawọ́ gbà á.

“Ọwọ́ òsì kẹ̀?” ni ọ̀gá wí.

Kò lè na ọ̀tún.