Bí Mo Ṣe Lọ sí Etí Òkun Nítorí Ihò Ìdí Páìpù

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí Sọ́ńdè ni mo jáde nílé wa ní Agége, wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà. Ìyá mi gbọ́ ìró ilẹ̀kùn.

"Ràṣídì, níbo lò ń lọ ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀ yìí?"

"Ibi iṣẹ́ ni, mà."

"Lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

"Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà ni, mà."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Iṣẹ́ ni mo ń bá lọ lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ tí mo ti bà jẹ́ ni.

Wẹ́dà ni mí. Ìwé mẹ́ta ni mo kà ní girama kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ irin jíjó lọ́dọ̀ Ọ̀gá Mùtíù, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Orégùn, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Mo ti gba òmìnira, mo ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọ́fíìsì kan tó ń wọn gíga omi òkun gbé páìpù irin kan wá bá wa. Ó ga ju ènìyàn méjì lọ. Inú òkun ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ nàró sí. Ihò kan wà nísàlẹ̀ tí omi ń gbà wọlé, ẹ̀rọ wà lókè tó ń wo bí omi inú páìpù ṣe ń ga àti bó ṣe ń fà. Ìdí páìpù náà ti dípẹtà. Wọ́n ní ká gé e, ká jó tuntun mọ́ ọn, ká sì lu ihò tí àtàǹpàkò lè wọ̀ sí i.

Èmi ni Ọ̀gá gbé iṣẹ́ náà fún. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ẹnu dírìlì ńlá ti dá mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀, ẹni tó ń ta òmíràn ní Ìkẹjà sì ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti lọ kírun. Mo mú ẹnu kékeré tó wà nílẹ̀, mo fi lu ihò tí ìṣó lásán lè gbà kọjá. Mo ní lọ́kàn mi pé ihò ni ihò, omi á ṣáà wọlé. Mo fi ọ̀dà kùn ún, ó ń dán. Ọ̀gá ò bẹ ìdí rẹ̀ wò. Wọ́n wá gbé e lọ, mo gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò yìí ni Madam Fọlákẹ́, tí wọ́n ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ náà, wá sí ṣọ́ọ̀bù. Páìpù tuntun ni wọ́n wá fẹ́ ṣe. Ọ̀gá ní kí ló ṣe ti èṣí. Madam mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán sórí páànù irin.

"Ẹ ti gbọ́ sùnámì rí? Èdè àwọn ará Jàpáánì ni, ìgbì èbúté ló túmọ̀ sí. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló máa ń mì, gbogbo omi á wá gbéra láti ìsàlẹ̀ dé òkè."

Wọ́n ní láàárín agbami, ìgbì yẹn ń sáré bí bàálù, bẹ́ẹ̀ kì í sábà ga ju orúnkún ọmọdé lọ. Láti orí ọ̀kan dé orí èkejì lè tó Agége sí Ìbàdàn, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan gba abẹ́ òun kọjá. Ìgbà tó bá dé ibi tí omi ò jìn ni ìrìn rẹ̀ ń falẹ̀, tó wá ń ga. Wọ́n ní ọ̀kan gbéra lọ́dún yìí ní òdì kejì ayé, ó yí gbogbo ìsàlẹ̀ Áfíríkà po, nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ mọ́. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kọ ìṣẹ́jú tó dé ọ̀dọ̀ wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọ́n máa sọ fáwọn ènìyàn pé kí wọ́n sá lọ́jọ́ mìíràn.

"Ẹ̀rọ tiwa nìkan ni ò rí nǹkan kan," ni Madam wí. "Ìgbì ojoojúmọ́, kó o tó ka ogún, ó ti wá, ó ti lọ. Òkun tó ń kún tó ń fà, wákàtí mẹ́fà mẹ́fà ni. Sùnámì wà láàárín àwọn méjèèjì, bí ogún ìṣẹ́jú. Bí ihò yẹn bá kéré jù, omi ìta á ti padà kí inú páìpù tó mọ̀ pé ó wá. Bàbá tó ń ṣọ́ ọ ni ò fọ̀ ọ́, ìkarahun ti dí i. A ti ní kí wọ́n lọ jókòó sílé."

"Wọ́n á máa gbowó oṣù, wọn ò ní ṣiṣẹ́!" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Àgbà tiwa náà nìyẹn."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Mo fa ìbòjú wẹ́dà bojú, bẹ́ẹ̀ n ò jó irin kankan. Orúkọ abúlé náà àti orúkọ bàbá tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ wà lára ìwé iṣẹ́ tó há sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo dà wọ́n kọ sínú fóònù mi.

Ohun tó gbé mi dé ojú títì lọ́jọ́ Sọ́ńdè nìyẹn, tèmi ti búrẹ́dì méjì nínú ọ̀rá. Ọkọ̀ Agége sí Ìyànà Ìpájà gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ mi. Láti ibẹ̀ gba Ìgàndo lọ sí Ìyànà Ìbà, ẹgbẹ̀rún kan. Ìyànà Ìbà sí Àgbádárìgì, ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀, awakọ̀ ò sì gbà kí n dín kọ́bọ̀ kan. Ó wo búrẹ́dì àyà mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé àna lò ń lọ kí ni? O gbá búrẹ́dì mọ́ra bí ọmọ ìkókó."

"Bàbá kan ni mo fẹ́ lọ bẹ̀."

"Kí lo ṣe fún wọn?"

Mo gbé búrẹ́dì lé itan. Ó ní, "Ó ti yé mi. O fún ọmọ wọn lóyún." Àwọn èrò ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín, ìyá kan ní kí Ọlọ́run bá mi tù wọ́n nínú. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ì bá sàn bó bá jẹ́ oyún, nítorí oyún ń di ọmọ.

Ọ̀nà náà dára dé Okokomáíkò, lẹ́yìn ìyẹn ó ń dára níbì kan, ó ń bàjẹ́ níbì kan. Láti Agbárá síwájú, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n dá wa dúró, aṣọ́bodè, ọlọ́pàá, àtàwọn tí n ò mọ irú aṣọ tí wọ́n wọ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Orégùn, èéfín jẹnẹrétọ̀ ni afẹ́fẹ́ àárọ̀. Níbí, iyọ̀ àti ẹja yíyan ni mò ń gbóòórùn, igi àgbọn sì tò lọ bí òpó iná.

Ní Àgbádárìgì mo wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Atukọ̀ náà fún mi ní ẹ̀wù ìdáàbòbò tó tutù jọ̀bọ̀. Ó ń fi Ègùn kọ́ mi bá a ṣe ń lọ: omi lásán ni "sìn", òkun ni "òhù". Ó ní ká má fi wọ́n wéra, sìn ń gbọ́ràn, òhù kì í gbọ́ràn. Ní òdì kejì, ọ̀kadà gbé mi gba orí iyanrìn lọ sí abúlé náà, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀kadà ń rì, èmi àti ọlọ́kadà sọ̀ kalẹ̀ tì í lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mì kúàbọ̀," ni obìnrin kan tó ń yan ẹja kí mi. Ẹ kú àbọ̀ wa náà ni, ọ̀rọ̀ náà kàn ti lọ gbé ilé ọkọ pẹ́ ni. Mo béèrè Bàbá Sẹ̀tọ́njí tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ òkun. Ìyàwó wọn ló jẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Wọn ò ṣọ́ ọ mọ́. Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà."

Bàbá jókòó lẹ́yìn ilé, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, etí wọn kan ti di. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bàbá ní, "Dìde, mu omi ná." Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí. Wọ́n ní, "Ẹni tí ò mu omi mi, n kì í gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀." Nílé wa, àlejò lè sọ tẹnu rẹ̀ kí omi tó dé, ṣùgbọ́n níbí, omi ló ń ṣí ọ̀rọ̀. Mo mu ún. Màmá tún gbé ẹja yíyan àti àgídí wá, mo jẹ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́. Mo yọ ẹnu dírìlì kékeré náà lápò, mo fi hàn wọ́n.

Bàbá fi orí ìka kàn án.

"Nígbà tómi bá fà, mo máa ń mòòkùn lọ sísàlẹ̀ fi wáyà gún ihò yẹn, gbogbo Sátidé. Mo rí i pé ó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe tuntun nìyẹn, àwọn tó kàwé ló mọ̀."

Wọ́n mú mi lọ sí orí afárá igi àtijọ́ tí páìpù mi dúró sí, lẹ́yìn òkúta ńláńlá tí wọ́n fi ń dá agbára òkun dúró. Omi ibẹ̀ rọ̀. Pákó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá ní lọ́jọ́ tí ìgbì yẹn wá, nírọ̀lẹ́, omi gun pákó náà nígbà tó yẹ kó máa fà. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gùn. Wọ́n ní ó ń ṣe bí ẹni tó sùn tó ń mí. Bàbá jókòó ti pákó yẹn títí ojú fi ṣú, wọ́n ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé ọmọ iléèwé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Wọ́n wá fóònù ọ́fíìsì. Ẹni tó gbé e ní ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan, bóyá rédíò ni Bàbá ti gbọ́ ọ.

"Bí wọ́n bá gbà pé mo rí i," ni Bàbá wí, "a jẹ́ pé n ò fọ ihò nìyẹn. Bí wọ́n bá gbà pé mo fọ ihò, a jẹ́ pé irọ́ ni mo pa. Mo rí i, mo sì fọ̀ ọ́. Méjèèjì ò ṣeé gbà pọ̀ létí ẹnikẹ́ni, ọmọ mi. Èmi gan-an ti ń bi ara mi pé ṣé mo rí i."

Mo tẹ Madam Fọlákẹ́ láago níbẹ̀, mo jẹ́ kó ké síta kí Bàbá lè gbọ́. Mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀.

"Ràṣídì, Ọjọ́bọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣebí o dúró níwájú mi?"

"Mo dúró níbẹ̀, mà."

"Gbé fóònù fún Bàbá." Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ forí jì wá. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín lọ́la."

"Màá kọ́kọ́ parí àwọ̀n mi ná," ni Bàbá dáhùn.

Ni ohùn Madam bá yára. "Ìwé tẹ́ ẹ kọ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́, sà? Nọ́ńbà ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún yẹn. Bí ó bá wà, ìgbì náà wà lọ́wọ́ wa nìyẹn. A lè fi tò mọ́ tàwọn yòókù!"

Bàbá wo Màmá tó ti tẹ̀ lé wa dé ibẹ̀. Màmá wo ilẹ̀.

"Mo ti ya á," ni Bàbá wí.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ya á," ni Màmá gbà á lẹ́nu wọn. "Ọjọ́ tí lẹ́tà tó ní kí wọ́n lọ jókòó sílé dé, mo ní ìwé tó sọ ọkọ mi di òpùrọ́ ò gbọdọ̀ sùn nílé mi. Mo fi dáná ẹja."

Madam ní ṣé Bàbá lè rántí. Bàbá di ojú. Wọ́n ní àwọn rántí pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló lọ tó bọ̀. Nọ́ńbà, rárá. Wọ́n ní kí làwọn ì bá tún há nọ́ńbà tí wọ́n pè nírọ́ sórí fún.

Bàbá sìn mí dé ibi ọ̀kadà. Wọn ò ṣépè, wọn ò sì ní kò sí wàhálà. Wọ́n gba búrẹ́dì, wọ́n ní, "O ṣeun tó o wá. Ì bá dáa bó bá jẹ́ pé o tètè wá." Lójú ọ̀nà àbọ̀, n ò ka iye ibi tí wọ́n ti dá wa dúró.

Mo dé Agége nígbà tí wọ́n ń kí màgárìbù. N ò tíì wọlé, mo gba ilé Ọ̀gá Mùtíù lọ ní Ìfàkọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bọ́ fìlà.

"O ò bá ti sọ fún mi pé ẹnu dírìlì dá."

"Ẹ̀rù ló bà mí, sà."

"Mo sì bá wọn fi bàbá yẹn rẹ́rìn-ín." Wọ́n dé fìlà padà. "Ìwọ lo máa ṣe tuntun yẹn. Èmi náà á wà níbẹ̀."

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: iṣẹ́ tí mo fi wàdùwàdù ṣe ní Orégùn lè sọ ẹni tí n ò rí rí di òpùrọ́ lójú ara rẹ̀, ní ibi tí n kò dé rí. Mo rò pé òtítọ́ mi máa tún un ṣe tán. Ó tún orúkọ Bàbá ṣe. Ìgbì yẹn ti kọjá.

Mo ṣì ń bọ́ bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn wa nígbà tí iṣẹ́ Madam wọlé sórí fóònù mi. Àwòrán ìwé kan ni, orúkọ èbúté jákèjádò ayé tò sílẹ̀, wákàtí àti gíga omi wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wá tiwa dé ìsàlẹ̀. Níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà, Madam ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Ẹnì kan rí i. A kò ní òǹkà rẹ̀.*