Oorun Ọ̀sán Bàámi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àárọ̀ ni ilẹ̀ máa ń ṣú nílé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí bàbá yín ń lọ sóko lówùúrọ̀, tí wọ́n ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ lè máa rò pé arúgbó ti ń ṣarán. N kò ṣarán. Iṣẹ́ òru ni Bàámi ń ṣe. Nígbà tí àwọn ará ilé kejì bá ń fọnná, tí àwọn ọmọ wọn ń gbálẹ̀, ìgbà náà la máa ń gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ Bàámi lẹ́nu ọ̀nà, tí Ìyá mi á sì fi ìka lé ètè láti sọ fún wa pé òru dé.

Ọ̀tà ni wọ́n bí mi sí, ní agbo ilé àwa ìmàle kan tí kò jìnnà sí ọjà. Ayé òyìnbó ni. Sàńgó tí ẹ ń wò lónìí, tí ilé iṣẹ́ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ síbẹ̀, igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ni nígbà náà, ìgbín la máa ń lọ ṣà níbẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ibi iṣẹ́ Bàámi wà lọ́nà Ìjù, ní ilé ẹ̀rọ ńlá kan tí òyìnbó kọ́ láti máa fa omi odò. Èédú ni wọ́n fi ń dáná sí ẹ̀rọ náà, Bàámi sì wà lára àwọn tí ń fi ṣọ́bìrì kó èédú sẹ́nu iná láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Òórùn èédú ni òórùn bàbá mi. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn níbi tí wọ́n ti ń yan àgbàdo, ọkàn mi á fà sílé. Ìyá mi á ti gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú sí balùwẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà á sì ti wà nínú abọ́ tánganran. Bí Bàámi bá ń jẹun, àwa ọmọ á jókòó tì wọ́n kí wọ́n lè fún wa níròyìn ẹ̀rọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà kì í sinmi, gbì-gbì-gbì ló ń dún láti alẹ́ dòwúrọ̀, ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé á sì máa mì. Wọ́n ní ariwo yẹn kì í ba àwọn lẹ́rù. Ìgbà tó bá dákẹ́ lójijì ni àyà àwọn máa ń já, nítorí bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn, gbogbo wọn á sì máa sáré kiri.

Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á wọ yàrá lọ, Ìyá mi á fi ìró dúdú bo fèrèsé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oorun kì í dúró. Kó tó di pé wọ́n pe ìrun ọ̀sán, Bàámi á ti jókòó sórí ẹní, ojú wọn á pọ́n bí epo. Báyìí ló ṣe ń rí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n dé, tí wọn kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Oorun ti gbé wọn lórí ìdúró níwájú iná, àgbọ̀n wọn wà lórí ọwọ́ ṣọ́bìrì, àfi bí òyìnbó tó ń bójú tó wọn ṣe yọ sí wọn. Òyìnbó náà ní bí òun bá tún bá wọn lẹ́nu oorun, kí wọ́n má wulẹ̀ padà wá mọ́.

Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí Bàámi, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kọ́ ló dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n ní, "Bí iṣẹ́ bọ́, a ó wá òmíràn. Ẹni tó bá tòògbé ṣubú sínú iná ńkọ́?" Láti ọjọ́ yẹn ni oorun Bàámi ti di iṣẹ́ gbogbo wa.

Èmi ni àkọ́bí, èmi ni wọ́n fi ṣe ọlọ́pàá oorun. Wọ́n fún mi ní àtòrì kan, wọ́n ní kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ewúrẹ́ tàbí ọmọ ènìyàn tó bá fẹ́ pariwo, kí n lé e. Ẹ wo bí mo ṣe ń yan kiri! Àkùkọ wa nìkan ni kò gbà pé mo jẹ́ nǹkankan. A dé agbọ̀n mọ́ ọn lórí kó lè rò pé ilẹ̀ ti ṣú, ó wà nínú òkùnkùn yẹn, ó sì ń kọ. Kò pẹ́ tó fi dèrò ìkòkò ọbẹ̀. Ìyá Àgbà ní ẹnu rẹ̀ ló pa á, wọ́n sì bu itan rẹ̀ fún mi kí n lè rántí.

Eré wa náà yí padà. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ la fi ń ṣe bojúbojú, ẹni tó dijú á máa sọ̀rọ̀ sínú, àwọn tó sá pamọ́ kò sì ní mọ̀ bóyá ó ti ń bọ̀ tàbí kò tíì bọ̀. Ọjọ́ kan, àbúrò mi kan sá pamọ́ sẹ́yìn àká títí oorun fi gbé e lọ níbẹ̀, òun nìkan ló rí oorun sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá jẹ́ kí abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á kúnlẹ̀, á kọjú sí ògiri, á na ọwọ́ sókè, kò sì gbọdọ̀ sunkún, nítorí ariwo ni ẹkún. Ẹ̀yin tó mọ adùn kí ènìyàn sunkún lẹ́yìn ìyà, ẹ bá wa kẹ́dùn.

Ti Ìyá mi ló le jù. Làfún ni wọ́n ń tà. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n á sá a títí á fi gbẹ wóró-wóró, wọ́n á wá gún un lódó, wọ́n á fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kù ú. Odó kò ṣeé fi ọwọ́ bò lẹ́nu. Ni Ìyá mi bá ní kí wọ́n gbé odó wọn lọ sí agbo ilé ẹ̀gbọ́n wọn ní ìpẹ̀kun ìlú. Lójoojúmọ́, wọ́n á ru ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, wọ́n á pọn Ràímì àbúrò mi kékeré, wọ́n á wọ́ lọ síbẹ̀ lóòrùn, wọ́n á sì padà dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lórí ìpéǹpéjú. Wọn kò ráhùn. Àánú wọn máa ń ṣe mí, ṣùgbọ́n mo ṣì kéré láti sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà lọ bá Alfa tó ní ilé kéú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àwọn ọmọ kéú yẹn máa ń kà á sókè débi pé ẹni tó ń kọjá lọ lè kọ́ ọ láìsan sàráà. Alfa kò bínú rárá. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣe wàhálà nítorí oúnjẹ ọmọ rẹ̀, láádá ni fún ẹni tó bá bá a ṣọ́ oorun rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ náà pẹ̀lú wàláà wọn lọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, eèrà sì ń jẹ wọ́n níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo agbo ilé ṣe dákẹ́ rọ́rọ́. Oorun Bàámi kò sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká má parọ́, ńṣe ló tún kúrú sí i. Bí a bá ṣe ń dákẹ́ tó ni wọ́n ṣe ń tètè jí tó, wọ́n á jókòó, wọ́n á tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Ìyá Àgbà se àgbo fún wọn, wọ́n fi àdí pa wọ́n lára, pàbó ló já sí. Èmi ọlọ́pàá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí aláǹgbá orí ògiri. Ìbẹ̀rù wọ ilé wa, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé ojú Bàámi yóò tún pa dé lọ́jọ́ kan níwájú iná yẹn.

Òjò ló tú àṣírí náà. Ọjà ku ọ̀la, Ìyá mi kò sì tíì ní làfún kankan tí wọ́n máa gbé lọ. Òjò wá ṣú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wẹliwẹli láìdáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá ru ẹ̀gẹ́ gbígbẹ gba inú òjò yẹn kọjá dé ìpẹ̀kun ìlú, yóò tutù ni, yóò sì bu. Wọ́n dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń wo òjò, Ràímì wà lẹ́yìn wọn. Odó àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti Ìyá Àgbà láti ìgbà tí àwọn náà fi ń gún làfún tà. Adìyẹ ló ń sùn sínú rẹ̀ nígbà náà.

Ìyá mi ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rọra gún un. Díẹ̀ péré."

Ìyá Àgbà dìde, wọ́n lé adìyẹ kúrò, wọ́n fọ odó náà, wọ́n nù ún, wọ́n sì tẹ́ àkísà sábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gún un bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ odó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ti gún làfún rí, ẹ mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kò mọ jẹ́jẹ́. Kò pẹ́ tí ọmọ odó fi ń dún gbì-gbì-gbì, ògiri sì ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú àtòrì mi, mo ń retí kí Bàámi jáde. Mo dúró títí, wọn kò jáde. Mo fi orí yọjú wolé. Bàámi na ara wọn gbalaja sórí ẹní, ẹnu wọn là sílẹ̀, wọ́n ń hanrun.

Wọ́n pe ìrun ọ̀sán, Bàámi ń sùn. Òjò dá, wọ́n ń sùn. Ràímì náà ń sùn lẹ́yìn Ìyá mi, orí rẹ̀ ń mì bí odó ṣe ń dún. Nígbà tó yá, Ìyá mi gbé ọmọ odó sílẹ̀ kí wọ́n lè ku èyí tí wọ́n ti gún. Bí odó ṣe dákẹ́, Ràímì figbe ta lẹ́yìn wọn. Lẹ́sẹ̀ kan náà, Bàámi já síta láti inú yàrá, ojú wọn ò tíì là tán, ọwọ́ wọn méjèèjì ń wá ṣọ́bìrì kiri ara ògiri. "Kí ló ṣe é? Kí ló dákẹ́?"

Ìyá Àgbà wo Ràímì, wọ́n wo Bàámi, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá ibì kan jókòó sí. Wọ́n ní, "Àkànní, padà lọ sùn. Ìyàwó mi, dákun máa gún un lọ. Ìdí odó yìí gan-an ni mo ti pọ̀n ọ́n dàgbà. Bí mo bá dáwọ́ dúró báyìí, igbe ló máa ta. Èmi ni n kò mọ̀ pé àgbà kò tíì gba èyí lára rẹ̀."

Bàámi ní, "Òótọ́ ni. Ìdákẹ́ ló ń jí mi. Mo máa ń rò pé ẹ̀rọ ti kú ni." Ni àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n padà wọlé, Ìyá mi mú ọmọ odó, kó sì tó pẹ́, bàbá àti ọmọ ti sùn lọ. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé àtòrì mi síta.

Odó tí Ìyá mi ń tìtorí rẹ̀ rìn dé ìpẹ̀kun ìlú, òmíràn wà ní ẹ̀yìnkùlé wa tí a fi ṣe ilé adìyẹ. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà lọ sọ fún Alfa pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ wọn padà, kí wọ́n sì kà á sókè dáadáa. Àwọn ọmọ kéú ń kà, odó ń dún, àwa ń pàtẹ́wọ́ níbi eré, Bàámi sì ń sùn títí di ìrun àsárì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Kò sẹ́ni tó tún bá wọn lẹ́nu oorun níwájú iná mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ewú lórí.

Ayé ti yí. Jojú ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ Lukmọ́nù ọmọ ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ kan ní Sàńgó. Nígbà tiwa, gbogbo agbo ilé ló ń ṣọ́ oorun ẹnì kan, bí a tilẹ̀ ń ṣọ́ ọ sódì. Lónìí, kálukú ló ń ṣọ́ tirẹ̀. Lukmọ́nù ra aṣọ fèrèsé tó nípọn, ó ra ohun tí wọ́n ń fi dí etí, ó sì sọ fún mi pé kí n yí rédíò mi sílẹ̀. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí oorun ti fẹ́ gbé òun lọ nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, n kò lè jẹun.

Láàárọ̀ àná, mo jókòó síta. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ti ń ké láti ìgbà tí Lukmọ́nù ti ti ibi iṣẹ́ dé tó wọlé lọ sùn. Wọ́n pa á, ni mo bá gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì Lukmọ́nù dún. Ó ti jí.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Odó Ìyá Àgbà ṣì wà lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ mi ti ní kí n sọ ọ́ nù títí ó fi sú wọn. Mo ní kí ọmọ ayálégbé kan bá mi yí i dé abẹ́ fèrèsé Lukmọ́nù, mo da ẹ̀gẹ́ gbígbẹ sínú rẹ̀, mo sì ki ọmọ odó mọ́lẹ̀. Apá mi kì í ṣe ti ìgbà kan mọ́, ṣùgbọ́n ó ń dún. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìhanrun láti inú yàrá.

Ìyàwó ilé kejì yọjú lórí fẹ́ǹsì. Ó ní, "Màmá, ẹ rọra o, ọmọ yín ń sùn."

Mo ní, "Mo mọ̀." N kò sì dáwọ́ dúró.