Ẹ̀rín Tí Kò Ṣeé Bọ́

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni. Tíṣà Ẹlẹ́rìn-ín làwọn ará àdúgbò ń pè é. Ọmọbìnrin mi ni, ilé rẹ̀ ni mo sì ń gbé látìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn mí.

Àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tiwọn ló ń kọ́. Àwọn kan ò sọ̀rọ̀. Àwọn kan á máa forí gbá ògiri bí ariwo bá pọ̀. Òfin kan wà nílé-ìwé wọn: tíṣà ò gbọdọ̀ fajú ro. Ọmọ tó bá rí ojú tó le, ìjà dé nìyẹn. Nítorí náà, bí ọmọ bá gé tíṣà jẹ, tíṣà á rẹ́rìn-ín, á kúnlẹ̀, á di ọwọ́ ọmọ méjèèjì mú, á ní, "Ó ti tó. Mí sínú. Mí síta."

Ọmọ mi mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ. Ohun tó dè é mọ́lẹ̀ nìyẹn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó bá gbọ́ràn ni wọ́n ń dẹrù pa. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tó máa ń sá sábẹ́ tábìlì. Ọmọ mi nìkan ló lè wọ abẹ́ rẹ̀ lọ mú un jáde.

Ọmọ mi ò rí oorun sùn mọ́. Irun rẹ̀ ń já sínú kóòmù. Ó lọ rí dókítà, ó rẹ́rìn-ín sí i. Dókítà ní ara rẹ̀ le.

Lọ́jọ́ kan ọkọ rẹ̀ ń bínú nítorí ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ọkọ rò pé ẹ̀bẹ̀ ni, inú rẹ̀ ti ń rọ̀. Àfi bó ṣe gbọ́ pé kóun mí sínú. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Ṣé mo ti di ọmọ kíláàsì yín ni? Bínú sí mi, kí n mọ̀ pé mo níyàwó nílé."

Ọmọ mi gbìyànjú láti fajú ro. Ojú kọ̀.

Àyè wá ṣí sílẹ̀ nílé-ìwé mìíràn, ti àwọn ọmọ tí kò nílò irú ìtọ́jú yìí. Ọ̀gá rẹ̀, ìyá kan tó máa ń yára sọ̀rọ̀, ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Ọmọ mi jókòó tì mí nírọ̀lẹ́, ó ní kí n ṣe bí ọ̀gá, kóun fi kọ́ra. Mo bi í bóyá á dúró tì wá. Ó ní rárá, ó ti rẹ òun. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo ní, "Pa ẹnu dé. Eyín ẹ ń ba ọ̀rọ̀ ẹ jẹ́."

Ó ní, "Bàámi, èmi kọ́ ni mò ń rín in."

Lọ́jọ́ kejì ó wọ ọ́fíìsì. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn ẹ̀ fún mi. Ọ̀gá ò tíì jẹ́ kó jókòó tó fi sọ fún un pé kíláàsì tuntun ń bọ̀, àwọn ọmọ tó le jù, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè kápá wọn.

Ó ní, "Mà, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n lọ."

Ọ̀gá wo ojú rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín ṣá. Ta ló rẹ̀ tójú ẹ̀ ń dán báyìí?" Ó na kọ́kọ́rọ́ kíláàsì tuntun sí i.

Ọmọ mi ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀. Igbe ọmọbìnrin tó máa ń sá sábẹ́ tábìlì yẹn ló sọ láti kíláàsì, àwọn tíṣà yòókù sì ń pe orúkọ ọmọ mi kíkankíkan. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sáré lọ, ó wọ abẹ́ tábìlì.

Ọmọ náà jáde. Ọmọ mi ò jáde bọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé nǹkan rẹ̀ já bọ́, pé ó ń wá a ni.

Kí wọ́n tó jáde nílé-ìwé, ìròyìn dé pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè tó ṣí yẹn.

Ó délé, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó jẹ búrẹ́dì àná ní gbígbẹ, ó fi tíì tó ti tutù tì í lọ.