Fọ́tò Ìwé Ìrìnnà Tí A Lọ Yà ní Ìkòròdú

Títí di òní, bí òórùn ẹja tí wọ́n ń yan lórí igi tútù bá kọ lù mí nímú, èbúté Ẹ̀pẹ́ ni ọkàn mi ń sáré lọ. Kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ ti ìsinsìnyí o, Ẹ̀pẹ́ ti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso, tí ìyá mi ń yan ẹja ní ẹ̀yìnkùlé wa, tí omi ọ̀sà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá wa wọlé nígbà òjò. Èéfín a máa mu aṣọ ilé-ìwé wa débi pé olùkọ́ wa a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé òórùn wa ti jókòó sí kíláàsì kí àwa fúnra wa tó dé. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, àbúrò mi ọkùnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àwa méjì náà ló yè nínú ọmọ tí ìyá wa bí. Ọdún yẹn ni bàbá wa fẹ́ kó gbogbo wa lọ sí Ítálì.

Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o rín in. Bàbá wa ni kúùkù inú ọkọ̀ òkun kan tó ń kó kòkó àti èkùrọ́ kúrò ní Èkó lọ sí òkè òkun. Nígbà mìíràn, a kì í fojú kàn án fún oṣù mẹ́rin. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Èkó, á wọ ọkọ̀ wá sí Èbúté Ìkòròdú, á ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gba Agbówà bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa, àpótí onírin rẹ̀ á wà lórí rẹ̀, òun á sì máa kí gbogbo ẹni tó bá pàdé bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró dè é láti àná. Nígbà tó dé lọ́tẹ̀ yìí, ó mú káàdì kan jáde láti inú àpò, àwòrán ìlú kan wà lára rẹ̀. Ilé gogoro dúró sínú omi, ọkọ̀ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń gba iwájú ilé kọjá. Fẹ́nísì ni ó pe ìlú náà, ní Ítálì.

Ó ní, "Orí ọ̀sà ni wọ́n kọ́ gbogbo rẹ̀ sí. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó rò pé àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kan ló lọ tẹ̀dó síbẹ̀ tí wọn ò padà wálé mọ́."

Ó sọ pé ọ̀gá ọkọ̀ àwọn ti gbà kí òun kó ìyàwó àti ọmọ òun wọ ọkọ̀ nígbà ọlidé gígùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń já ẹrù ní èbúté ìlú náà, ọjọ́ mẹ́ta ọ̀hún á sì jẹ́ tiwa. Ó ti lọ rí hẹdimásítà wa pé a lè pẹ́ díẹ̀ kí a tó wọlé padà. Hẹdimásítà ní kò burú, bí a bá dé, kí a wá dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé kí a ròyìn ohun tí a rí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò nìyẹn. Ìdí iná ẹja la ti ń ṣe é, lẹ́yìn ìrun Àsàárì, nígbà tí Màámi bá ń yí ẹja padà. Èmi ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tí a ó rí ní ọjọ́ kìíní, ohun tí a ó rí ní ọjọ́ kejì. Màámi fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Bàbá ní wọ́n ní ẹja, wọ́n ní búrẹ́dì, wọ́n sì ní ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fà gùn bí okùn tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ tòmátì jẹ.

Màámi ní, "Èmi ò ní jẹ okùn. Gàárì mi ń bá mi lọ. Ibo la ó wá ti máa kírun?"

"Ilẹ̀ Ọlọ́run ni, Ìyá wọn. Ibi tí a bá tẹ́ ẹní sí."

Ó tún béèrè nípa òtútù. Bàbá ní kó má ṣèyọnu, òun á ra kóòtù. Mo rántí bí Màámi ṣe ń tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ra kó má baà rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kì í fi inú hàn ni, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo bá a níbi tó ti ń fi ọwọ́ wọn aṣọ àrán rẹ̀ tó fi wọlé ọkọ, ó ń wò ó bóyá á ṣì gbà á lára.

Ní ti àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ló gbà á lọ́kàn. Bàbá ti sọ fún un pé ìnàró ni àwọn atukọ̀ ìlú náà máa ń wà, pé àjẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tù ú. Ó ní òun á bẹ ọ̀kan nínú wọn kó yá òun ní àjẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ olómi lòun náà. Bó bá ti ti ilé-ìwé dé, á gba etí omi lọ, á lọ dúró sínú ògbólógbòó ọkọ̀ kan tí wọ́n ti fà gúnlẹ̀, á máa fi ọ̀pá tu iyanrìn.

Bàbá padà sí ẹnu iṣẹ́. Ó ní ọkọ̀ àwọn fẹ́ ná Gold Coast lọ bọ̀, pé bí àwọn bá dé, Sátidé kan ṣoṣo ni òun á ní kí àwọn tó tún gbéra lọ sí òkè òkun. Kí Màámi kó wa pàdé òun ní Ìkòròdú lọ́jọ́ náà, nítorí ọ̀rẹ́ òun kan tó jẹ́ ayafọ́tò níbẹ̀ mọ irú fọ́tò tí wọ́n ń fẹ́ fún ìwé ìrìnnà. Bí Sátidé yẹn bá fò wá ru, ìwé kò ní jáde kí ọlidé tó dé.

Ọjọ́rú tó ṣáájú Sátidé náà, mo lọ pe àbúrò mi ní etí omi pé kó wá jẹun. Ó jókòó, ó ń fi omi ọ̀sà fọ ẹsẹ̀. Ìṣó kan tó ti dípẹtà nínú pákó ògbólógbòó ọkọ̀ yẹn ló wọlé sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á yọ. Kò sunkún.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má sọ fún Màámi o. Wọ́n á ní kí n dúró sílé."

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kì í ṣe pé n kò mọ ohun tó yẹ. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé bí òun ò bá lọ, Màámi ò ní lọ, bí Màámi ò bá sì lọ, kò sí fọ́tò, kò sí ìwé ìrìnnà, kò sí Ítálì. Mo fi àdín sójú egbò náà, mo ya etí gèlè àlòkù kan, mo fi dì í. Mo ní, "Máa rìn dáadáa o."

Ní Sátidé, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú. Ní Agbówà, àwọn obìnrin wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́, wọ́n fún wa mọ́ra, wọ́n ń ki Màámi nítorí aṣọ àrán rẹ̀. Àbúrò mi tí kì í jókòó nínú ọkọ̀, tí á máa fẹ́ wà níwájú pátápátá kí omi lè ta sí i lójú, jókòó ti mí jẹ́ẹ́. Màámi wò ó títí.

"Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, Màámi."

Bàbá ti ń dúró ní èbúté, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń ju ọwọ́ sí wa kí a tó gúnlẹ̀. Ó gbé àbúrò mi kọ́ ọrùn, ó sì gbé e bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ayafọ́tò. Mo dúpẹ́ lọ́kàn mi pé kò ní rìn. Ayafọ́tò to Màámi àti àwa méjì sórí bẹ́ǹṣì kan, ó wọ abẹ́ aṣọ dúdú ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀.

Àbúrò mi béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè rẹ́rìn-ín?"

Ayafọ́tò dáhùn lábẹ́ aṣọ pé, "Ìwé ìjọba ni o. Ìjọba kì í rẹ́rìn-ín."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, Màámi náà rẹ́rìn-ín, ó di ìgbà tí gbogbo wa rẹ́rìn-ín tán kí wọ́n tó rí wa yà. Ní ọ̀sán yẹn, a jẹ àkàrà àti búrẹ́dì létí omi, Bàbá ń sọ bí a ó ṣe rìn káàkiri Fẹ́nísì lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ tó kẹ́yìn. Mo rò pé kò sí ìdílé tó láyọ̀ tó tiwa lágbègbè ọ̀sà yẹn. Títí di òní, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, àbúrò mi kò lè jẹ ẹ̀kọ rẹ̀. Ó ní àgbọ̀n ń dun òun. Màámi rò pé eyín ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ẹnu rẹ̀ kò là dáadáa mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ń le, ó ń tẹ̀ bí ọrun. A gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan béèrè bóyá nǹkan gún un láìpẹ́ yìí. Mo wolẹ̀. Màámi náà kò fọhùn. Nọ́ọ̀sì gbé àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rí ojú egbò náà. Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tí wọn ì bá ti fún un ní ọjọ́ tó gún un gan-an. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, kò bá ẹnikẹ́ni wí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n dájọ́ fún.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Wọ́n ní kí a má pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ariwo díẹ̀ a máa gbé gìrì rẹ̀ dìde. Mo jókòó tì í, n kò lè dì í lọ́wọ́ mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ti àárín eyín tó wà pọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní láti tẹ etí sí i lẹ́nu kí n tó gbọ́.

"Àǹtí mi, ṣé ọkọ̀ ò tíì lọ?"

Mo ní kò tíì lọ. Mo ní ó ń dúró dè wá. Kí ìrun Àsàárì tó tó, ó ti kú. Àwọn ọkùnrin kírun sí i lára, wọ́n sì gbé e lọ sin kí oòrùn tó wọ̀, àwa obìnrin jókòó sílé. Bàbá wà lójú òkun, kò mọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni atukọ̀ kan mú àpò-ìwé kan wá láti ọ̀dọ̀ ayafọ́tò ní Ìkòròdú. Màámi kò ṣí i. Ó wé e mọ́ inú aṣọ àrán rẹ̀, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí, n kò rí i wọ aṣọ náà mọ́ láéláé.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá ló lọ dúró dè é ní Èbúté Ìkòròdú nígbà tó dé. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé kóòtù mẹ́ta ló wà lápá Bàbá bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, àti pé eléyìí tó kéré jù ló wà lókè. Bàbá kò padà sí òkun mọ́. Ó ń lọ ra ẹja tútù ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ fún Màámi láti yan, ó ń kírun rẹ̀, ó ń kí àwọn ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ìlú yẹn nínú ilé wa mọ́. Hẹdimásítà pàápàá kò bi mí ní nǹkan kan.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ sí Ìkòròdú, mo bímọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò sọ fún ẹ̀dá alààyè pé èmi ni mo di ẹsẹ̀ àbúrò mi tí mo sì pa ẹnu mọ́. Bàbá kú, n kò sọ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́jọ, oorun sá lójú mi. Màámi wá kí wa nígbà náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwa méjèèjì ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ, mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, láti orí ìṣó dé orí àdín. N kò wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí mo parí, Màámi ṣa òkúta kan kúrò nínú ìrẹsì.

"Mo rí i," ló wí. "Àárọ̀ Sátidé yẹn, nígbà tí mo ń wẹ̀ fún un. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún bàbá yín. Mo ní bí a bá ti dé, màá tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí a dé, mo wò ó, ojú ẹ̀ ti dí. Mo ní ó ti san." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìrẹsì. "Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹn béèrè, ẹnu mi ò là. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà pé èmi ni mo pa á."

Bóyá Bàbá náà rí aṣọ tí mo fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó gbé e kọ́ ọrùn, àwa méjèèjì kò mọ̀, kò sì sí ẹni tí a ó bi.

Àwọn ènìyàn a máa rò pé àìrí Ítálì ni ó dùn mí, bí mo bá sọ ìtàn yìí. Ìlú á wà níbi tó wà. Ohun tó dùn mí ni pé èmi àti ìyá mi jókòó nídìí iná kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníkálukú ń gbé òkú ọmọ kan náà lọ́tọ̀, oníkálukú ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kí èkejì má baà rí i. Ọ̀sán yẹn ni a tó jọ sunkún rẹ̀. Ẹ̀bi náà kò kúrò lára mi, n kò ní purọ́ fún ọ, kò sì kúrò lára Màámi títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mo mọ ẹni tí a jọ ń rù ú.