Béèsì Tó Ń Pe Bah Bremly

Kí Bah Bremly tó lọ jẹ kwai nílé Ọlọ́run, bí a ti máa ń sọ nípa ẹni tó bá kú lọ́dọ̀ wa, ó ta gìtá béèsì rẹ̀ fún Wanshai, olórin bíi tirẹ̀, ó sì lọ gbà á padà lọ́jọ́ kejì. Kò sí olórin kan ní Shillong, ìlú wa lórí òkè nílẹ̀ Íńdíà, tí kò mọ ìtàn náà. Kùrukùru bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn débi pé èèyàn ò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Wanshai ṣílẹ̀kùn, ó bá bàbá arúgbó náà lábẹ́ agbòjò, kwai, èso bí obì tí a máa ń fi ewé àti ẹfun wé jẹ, wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ìgbà gbogbo, ètè rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀.

"Gbé gìtá yẹn fún mi jàre."

"Háà, Bah! Àná lẹ tà á fún mi!"

"Èmi tà á fún ọ pé kí o máa ta á dáadáa. O ta á láàárọ̀ yìí, àbí o ò ta á?"

Wanshai ní lóòótọ́ òun ta á díẹ̀, àmọ́ òun ò so ó mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìyàwó òun tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun gan-an ò gbọ́. Ilé Bah Bremly sì wà lódìkejì òkè.

"Báwo lẹ ṣe wá gbọ́ ọ, Bah?"

"Èmi kọ́ ló gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìka ẹ já wálẹ̀ díẹ̀, orúkọ tiẹ̀ lo wá ń pè. Ó wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní ta ló ń pe òun."

Odò ti gbé ẹ̀gbọ́n Bah Bremly lọ láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wanshai gbé béèsì fún un, ó gbé àpò rẹ̀ fún un, kò sì rántí béèrè owó rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejì.

Ohun tó fa gbogbo wàhálà náà rèé. Ní abúlé tí wọ́n bí Bah Bremly sí, lẹ́sẹ̀ òkè, orúkọ méjì ni ọmọ ń ní. Ọ̀kan ni ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti iléèwé. Èkejì jẹ́ orin kékeré tí kò ní ọ̀rọ̀, tí ìyá ọmọ dá sílẹ̀ fún un, tó fi ń pè é láti òkèèrè. Ohun tó ń gbé inú igbó lè kọ́ orúkọ ẹnu, kó fi tan èèyàn lọ. Orin ìyá ló ṣòro fún un. Bí ẹni náà bá kú, orin náà kú nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ọ́ mọ́.

Ìyá Bah Bremly ti kú. Orin tí ìyá náà dá fún un sì máa ń yọ̀ wálẹ̀ láàárín, bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọmọ láti orí òkè. Gìtá tó ní irin lọ́rùn, àwọn irin tín-ín-rín tó ń sọ ibi tí ìka máa tẹ̀, á kàn gé e sí wẹ́wẹ́ ni. Béèsì yìí nìkan ló lè pè é pé, torí ọrùn rẹ̀ dán bọ̀rọ́ láìní irin kankan. Àgbà oníṣẹ́ ọnà kan ló fi igi dúdú gbẹ́ ẹ nílẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí làkúrègbé wá mú Bah Bremly níka, tí kò lè ta á fúnra rẹ̀ mọ́, ẹ̀rù bà á gidi. Bí kò bá rí ọwọ́ mìíràn tó lè ta á, kò sẹ́ni tí yóò tún pè é bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é mọ́ láyé yìí. Ìdí tó fi fẹ́ tà á nìyẹn.

Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní orin náà. Ó ní béèsì mọ̀ ọ́n, kí oníbàárà ṣá ti ta ohun tó wù ú ní pálọ̀. Òun á wà ní ilé ìdáná; bí wọ́n bá pe òun, òun á dáhùn, béèsì á sì di tẹni náà. Bó ṣe dáhùn nìyẹn lọ́jọ́ tí Wanshai wá ra béèsì, kí ìka Wanshai tó yẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn Wanshai, Banteidor, olórin tó ń ta béèsì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, wá rà á.

"Bah, gìtá yìí ò nírin lọ́rùn. Ẹ yọ owó irin kúrò."

"Owó irin tí wọ́n yọ ni mo fi kún un!"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tí màá tẹ̀?"

"Ṣé irin wà lọ́nà ọ̀fun ẹ tí o fi ń kọrin ni? Ta á jàre!"

Banteidor ta á. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ yọ̀, ó kó sínú orin kékeré kan tí òun fúnra rẹ̀ ò gbọ́ rí. Ilé ìdáná dákẹ́. Lẹ́yìn ilé, nínú kùrukùru, ẹnì kan dáhùn: "Hóò!"

Bah Bremly sáré wọ pálọ̀ láti ilé ìdáná, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn béèsì.

"Ẹ ti fèrèsé! Ẹ má dá a lóhùn!"

"Ta nìyẹn, Bah?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo pè é."

Ọ̀gbun ló wà lẹ́yìn ilé yẹn, kò síbi tí èèyàn lè dúró sí. Banteidor sá lọ láìwọ bàtà. Kong Thrina, ìyàwó Bah Bremly, ló ń wọ bàtà náà lọ sínú ọgbà ọ̀dùnkún títí dòní.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn olórin ò yà síbẹ̀ mọ́. Bah Bremly wá ń jókòó ti béèsì.

"Thrina, ó jọ pé mi ò ní gbọ́ orin Ìyá mọ́ o."

"Jẹ kwai ẹ," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn, àmọ́ ojú rẹ̀ ti kún fún omi.

Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ ni Daphi wá, ọmọbìnrin tó ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gba kwai lọ́wọ́ Kong Thrina, ó jẹ ẹ́ tán kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ìka rẹ̀ kọ́kọ́ ṣìnà. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ha fèrèsé láti ìta. Daphi ò sá. Ó dẹtí sí i, ó sún ìka rẹ̀ sókè díẹ̀. Híha náà dáwọ́ dúró. Ó wá ta orin náà, ó yọ̀ wálẹ̀ láàárín gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ.

Wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan tutọ́ ní ilé ìdáná, lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde, ohùn ọmọdé pátápátá: "Hóò! Mo ń bọ̀ o, Ìyá!"

Bah Bremly ló jáde wá, kwai jíjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún.

"Kí lẹ tu ú sọ́wọ́ fún? Ẹ̀gbin!" ni Kong Thrina pariwo.

"Ṣé wọ́n ń fi ẹnu kíkún dá ìyá ẹni lóhùn ni?"

Iye tí Daphi sọ ló gbà, kò bá a nájà rárá. Kìkì pé lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, kó máa wá pe òun. Daphi sì ń wá, títí bàbá fi kú.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, ilé kún, gbogbo wa ń mu tíì pupa. Daphi gbé béèsì, orin ìsìn ló fẹ́ ta. Ìka rẹ̀ yọ̀ lórí igi dúdú náà, orin Bah Bremly jáde, odindi.

Ọwọ́ gbogbo wa dúró lórí ife. Orin òkú! Kùrukùru ń ti gíláàsì fèrèsé. Gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Daphi ń wí, "èmi kọ́, ọwọ́ mi ni."

Kong Thrina ò gbójú sókè níbi tó ti ń fi ẹfun pa ewé kwai. Òun náà dẹtí sílẹ̀, ó pẹ́. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ló wá sọ. "Ó gbọ́. Ẹnu ẹ̀ ló kún."

Wanshai ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì tẹ̀ lé e, a ń rẹ́rìn-ín, a ń sunkún. Kong Thrina wé kwai náà tán, ó gbé e sórí àga ọkọ rẹ̀.

"Daphi ọmọ mi, tún wá ní ọjọ́ Ìsinmi," ó ní. "Bó bá jẹ ẹ́ tán, á tutọ́."