Ọkọ̀ Ni Mo Wí

Ẹ jẹ́ ká kan sáárá sí "a dúpẹ́". Nínú gbogbo ọ̀ṣọ́ tí àwa Yorùbá ń wọ̀ jáde, kò sí èyí tó níyì tó o. Ikọ́ ń gbé èèyàn lọ, wọ́n béèrè pé ṣé àlàáfíà ni, ó ní a dúpẹ́. Ìjì ti ká òrùlé lọ, òjò ń pa á lórí ibùsùn, a dúpẹ́. Mo mọ ọ̀gá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tí wọ́n ń gbé wọ mọ́tò lọ sílé ìwòsàn, tó ṣì na ọwọ́ sókè láti dá aládùúgbò lóhùn: "A dúpẹ́ o, ara le!" Ọba ọ̀rọ̀ ni. Àìsàn kankan ò tó rí i fín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, èmi àti ìyá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì l'Ókè-Odò, ló bá pè mí látẹ̀yìn.

"Bàtà rẹ ọ̀tún dà?"

Mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà lásán nínú ẹrọ̀fọ̀. Sálúbàtà mi ti jábọ́ sẹ́yìn, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, n kò sì mọ̀. Mo padà lọ wọ̀ ọ́. Ká tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún bọ́.

"Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?"

"A dúpẹ́, Màmá."

Kò dùn mí lóòótọ́. Ohun tó yẹ kó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Orí ló ti ń fọ́ mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá láàárọ̀, bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í, wọ́n sì ń fún okùn náà. Mò ń sun oorun ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ n kò mutí. Níléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, mo máa ń dúró níwájú pátákó, màá máa wá ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ bí orúkọ mi. Mo ní àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ti lọ sí yunifásítì ní orúkọ fún gbogbo nǹkan, àfi èyí tó ń ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbé Ìkòtún nígbà náà á rántí ẹ̀rù tó gba ìlú. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá bọ̀ yín lọ́wọ́, nǹkan ọkùnrin yín lè pòórá. Àwọn àgbà ọkùnrin ń rìn kiri pẹ̀lú ọwọ́ kan lápò, wọ́n ń ṣọ́ dúkìá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ibùdókọ̀, kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, Rasákì, bíríkìlà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti bá mi mọ ògiri rí, kí mi, mo sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ibi tá a ti ń kí ara wa ni bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìjẹ̀gùn ti gbéra. Pákò wà lẹ́nu Rasákì. Ó figbe ta: "Ọkọ̀ mi ti lọ o!"

Ẹ gbé pákò sẹ́nu kẹ́ ẹ pe "ọkọ̀" wò. Ohun tí ibùdókọ̀ gbọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Èyí tí gbogbo wọn ń ṣọ́ lápò ni wọ́n gbọ́.

N kò lè ròyìn ìyókù dáadáa. Mo rántí bẹ́líìtì, mo rántí igi, mo rántí pé ọkùnrin kan tí ń ta bátìrì, tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, fi bàtà gbá mi lórí. Mo rántí ohùn Rasákì: "Ọkọ̀ ni mo wí! Ọkọ̀ ni mo wí!" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí ariwo ò ràn án, ó ṣubú lé mi, ó sì bá mi jẹ nínú ìyà náà títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Eyín rẹ̀ kan lọ níbẹ̀. Ojú mi wú, ìwú náà rọlẹ̀, mo ní ó tán.

Lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú tí sálúbàtà bọ́ yẹn, ìyá mi mú mi lọ sílé ìwòsàn. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Dókítà obìnrin kan béèrè pé báwo lara.

"A dúpẹ́, Dókítà."

"Mi ò bi yín bóyá ẹ dúpẹ́. Kí ló ń ṣe yín?"

Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. N kò lè gbé e dúró. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò inú orí mi, ó ṣàlàyé. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín agbárí àti ọpọlọ ló ya lọ́jọ́ tí wọ́n lù mí. Ẹ̀jẹ̀ ń sun níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀rọ omi tí wọn ò tì dáadáa. Ó ti gbára jọ, ó ń ti ọpọlọ. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìdí nìyẹn tí bàtà fi ń bọ́. Bí wọn ò bá fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde, oorun mi á di èyí tí èèyàn kì í jí nínú rẹ̀. Wọ́n máa lu ihò sí agbárí mi. Ká sì wá ẹni tó máa fún mi lẹ́jẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wá. Àdúrà wọn gùn, ó sì dùn. Nígbà tá a dárúkọ ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe òun, èkejì wà nínú ààwẹ̀, àwọn yòókù rántí ìpàdé. Rasákì tó gbọ́ ní Ìkòtún wọlé, ó ti ká apá aṣọ sókè kó tó kí wa tán. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tèmi mu.

Ìyá mi wo àpò ẹ̀jẹ̀ náà títí.

"Rasákì, ẹ̀jẹ̀ Mùsùlùmí lèyí o. Ṣé kò ní máa kírun tó bá jí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kó jí ná. Tó bá fẹ́ kírun, màá yá a ní búútà."

"Wo aláìléyín yìí! Ẹnu tó kó wa síbí ló tún ń ṣàwàdà."

Rasákì fọwọ́ bo ẹnu. Ó wolẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ọkọ̀ ni mo wí."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Súnmọ́ bí, ká gbàdúrà."

Ìyá mi gbàdúrà lórúkọ Jésù, Rasákì ṣe Àmín. Rasákì ka Fátíà, ìyá mi ṣe Àmín. Mo dùbúlẹ̀ láàárín wọn pẹ̀lú orí tí wọ́n ti fá, mo tẹ́tí kí n mọ Àmín tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí ti mọ́ṣáláṣí. N kò lè yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Mo jí. Ìka ẹsẹ̀ mi mì. Rírìn ni mo tún kọ́ bí ọmọ ọwọ́, mo di ògiri mú, ó ń rẹ̀ mí kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin oníbátìrì gbé ọsàn wá, kò lè wò mí lójú. Mo fẹ́ bínú, agbára rẹ̀ ò sí. Bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní ìdáríjì nìyẹn: kí ìbínú rẹ èèyàn. Mo ní kó jókòó, a jọ bó ọsàn náà jẹ.

Bí nǹkan bá ti gbá yín lórí rí, tí orí wá ń fọ́ yín láàárọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀, ẹ má jókòó sílé. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín fún dókítà. Ara kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa ṣiṣẹ́, kì í sì í ka ìwé wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tèmi pé ó fi sálúbàtà bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo máa kúrò nílé ìwòsàn, Rasákì wá. Ó na ọwọ́ sí mi lójú gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo sì di ọwọ́ náà mú pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà ló wà lára mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ wá mọ́tò.

Mo wọ̀tún, mo wòsì. Mo ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ ìbora, mo yẹ dúkìá mi wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.